Òkè Iyán

Lẹ́yìn ìsọ̀ aṣọ kan ní Àdétì, ní Iléṣà,
Bọ̀ọ̀dá Ọlátẹ́jú so géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n,
ó fi kọ́tìnì pín yàrá sí méjì:
ìyá rẹ̀ ń ta ànkárá níwájú,
àwa ń ná náírà márùn-ún márùn-ún lẹ́yìn.
Ọmọ òṣómàáló ni wá lóòótọ́,
òṣó náà la sì wà,
àmọ́ kì í ṣe gbèsè la wá sìn.
Owó oúnjẹ ọ̀sán la gbé wá.

Ajá kan ló wà nínú géèmù ọ̀hún,
ó so ańkáṣíìfù pupa mọ́rùn,
ó ń gun òkè funfun kan tó ń yọ̀.
Bí ajá bá kọ̀ tí kò jáde,
Bọ̀ọ̀dá a yọ kásẹ́ẹ̀tì, a gbé e sẹ́nu bíi fèrè:
fúù, lẹ́ẹ̀mejì.
Kò sí ẹni tó mọ yìnyín nínú wa
àfi èyí tó máa ń já lu páànù lọ́jọ́ òjò ńlá,
la bá sọ ọ́ ní Òkè Iyán.
"Mo ti dé orí iyán!"
"Yéè! Iyán ti gbé e mì!"

Ìbírónkẹ́ nìkan ló dé ìpele keje.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ká aṣọ iléèwé mọ́ itan,
ó ń fi àtàǹpàkò òsì kan ṣoṣo
ṣe ohun tí ọwọ́ wa méjèèjì ò lè ṣe.
Ó ku díẹ̀. A ò mí.

NẸ́PÀ mú iná lọ.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún.
Géèmù náà ń bẹ nínú fóònù mi báyìí.
Kì í ṣe òun gan-an, fóònù ló ń ṣe bíi rẹ̀:
ó ń fi ẹnu tuntun sọ èdè ẹ̀rọ tó ti kú,
bí èmi náà ṣe ń pe ilé ní "ulé", iṣu ní "uṣu",
bí ìyá mi bá pè mí láti Ìsọ̀nà,
tí n ó sì tún di ará Ìbàdàn
bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀.

Àwa tí à ń ṣe é kò pọ̀, a ò sì mọjú ara wa.
Awakọ̀ akẹ́rù kan ń bẹ ní Bùràsíìlì,
obìnrin kan ní Pólándì
tó ń la kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú bí ẹni la ẹja.
Mo kọ̀wé sí wọn lóru pé ó ti yá jù.
Nígbà tiwa, bí yìnyín bá ti pọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n,
ajá náà a máa falẹ̀, a máa gbọ̀n,
ibẹ̀ la ti ń rí àyè fò.
Wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá àìlera yẹn kiri
kí wọ́n tó dá a padà síbi tó wà.
Ẹni tó ń sín arọ jẹ,
tó wá ń rìn gánrangánran,
ta ló ń sín jẹ?

Mo lè dá a dúró níbi tó bá wù mí báyìí,
mo lè dá àkókò padà bí ẹni ń ká òwú.
NẸ́PÀ ò rí mi mú mọ́.
Mo gun ìpele keje ní aago méjì òru ọjọ́ kan.
Kò sí nǹkan kan lókè.
Ìpele kìíní ló tún bẹ̀rẹ̀,
ojú ọ̀run kàn pọ́n díẹ̀ ni.
N ò tíì sọ fún Ìbírónkẹ́ títí dòní.

Nígbà tí mo relé lọ́dún Àjíǹde, mo yà ní Àdétì.
Páìpù omi ni Bọ̀ọ̀dá ń tà níbẹ̀ báyìí,
irùngbọ̀n rẹ̀ ti di Òkè Iyán.
Mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́.
Kò wo ojú rẹ̀ rárá.
Ó yí i, ó wá ihò kékeré tí à ń ki okùn iná bọ̀,
ó gbé e sẹ́nu,
fúù. Lẹ́ẹ̀mejì.
Ajá jáde tòun ti ańkáṣíìfù pupa.
Bọ̀ọ̀dá fa ṣòkòtò sókè díẹ̀, ó lóṣòó,
ó tẹ́ ọwọ́ sí mi láìgbójú sókè:
"Náírà márùn-ún dà?"